Súmò tó ń rántí ara rẹ̀: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ píìnì Raspberry Pi nílé wa ní Ṣómólú

Ìdílé mẹ́fà ló ń gbé ilé wa ní Ṣómólú. Bóòhóòlù kan la ní, súmò kan ló ń fa omi inú rẹ̀, tánkì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba líítà 2000 ló sì wà lókè lórí òpó irin. Súìṣì súmò wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá onílé. Bí iná bá dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ igbe "Up NEPA!" lẹ́nu àwọn ọmọdé ni yóò sáré lọ tàn án, ẹni tó bá rántí ni yóò lọ pa á. Ìrántí yẹn ni kì í sí. Ilé ìtẹ̀wé kan wà lẹ́yìn ògiri wa, bí wọ́n ṣe pọ̀ lọ ní Ṣómólú, ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn gan-an ni wọ́n sì ń to bébà wọn sí. Bí tánkì wa bá kún àkúnya, orí bébà olóbébà lomi ń dà sí.

Raspberry Pi 3 kan, kọ̀ǹpútà kékeré alábọ́ọ̀dù kan, wà lọ́wọ́ mi tí mi ò fi ṣe nǹkan kan mọ́. Mo ní kí n fi ṣe ẹni tí yóò máa bá wa rántí. Ohun tí mo ṣe láti Sátidé àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí mo ti àpótí rẹ̀ pa ni mo kọ síbí, àti gbogbo ibi tí mo ti ṣì í ṣe. Àwọn ibi tí mo ti ṣì í ṣe yẹn ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ kí ẹlòmíì mọ̀ kó tó náwó: kí ẹ tó béèrè ohun tí píìnì (irin kékeré tí à ń so wáyà mọ́ lára Pi) máa ṣe bí ẹ bá pàṣẹ fún un, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ fún un. Níbi tí iná ti ń lọ tó sì ń dé nígbà mẹ́rin márùn-ún lójúmọ́, ìgbà tí kò sí ẹni tó ń pàṣẹ pọ̀ gan-an.

Sátidé àkọ́kọ́

Mi ò tíì fọwọ́ kan súmò rárá. Iná LED pupa kan ni mo kọ́kọ́ fẹ́ tàn, torí ẹni tí kò bá tíì fi LED dán píìnì wò kò ní nǹkan í ṣe nídìí iná 230V.

Píìnì 40 ló wà lára Pi yìí, ní ìlà méjì. Raspberry Pi tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2012, 26 péré ni tirẹ̀. Ọdún 2014 tí Model B+ dé ni wọ́n sọ ọ́ di 40. Kì í ṣe gbogbo wọn lèèyàn lè pàṣẹ fún o. Méjì ń gbé 5V jáde, méjì ń gbé 3.3V, mẹ́jọ jẹ́ gíráùn (0V), 28 tó kù ló ń gbọ́ àṣẹ.

Orúkọ méjì ni píìnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Èkíní ni ipò tó wà lórí bọ́ọ̀dù, téèyàn bá kà wọ́n láti 1 dé 40. Èkejì ni nọ́ńbà tí ṣíìpù fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí, èyí tí wọ́n ń pè ní GPIO. Mo kọ 17 sínú àṣẹ mi, mo ka píìnì dé ìkẹtàdínlógún, mo ki wáyà bọ̀ ọ́. LED tàn kí n tó tẹ ohunkóhun. Mo pàṣẹ kó kú, kò kú. Mo yọ iná Pi, mo tún un tàn, LED ń tàn ṣáá. Ìgbà tí mo gbé mítà tó ń wọn iná lé e ni mo rí 3.3V tí kò mì rárá. Píìnì tó wà ní ipò kẹtàdínlógún kì í gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú méjì tó ń gbé 3.3V jáde ni. GPIO17 tí mo ń wá, ipò kọkànlá ló wà.

Bí ẹ ò bá fẹ́ ṣì í kà, ẹ dojú bọ́ọ̀dù dé kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú òjé tí wọ́n fi jó gbogbo píìnì mọ́ bọ́ọ̀dù ló ṣe róbótó àfi ẹyọ kan tó ní igun mẹ́rin. Ẹyọ yẹn ni píìnì kìíní. Látibẹ̀, 1, 3, 5 ń lọ ní ìlà kan, 2, 4, 6 ń lọ ní ìlà kejì. Àṣẹ `pinout` náà á ya àwòrán gbogbo rẹ̀ fún yín.

Rẹsísítọ̀ 330 ohm ni mo fi ṣáájú LED kó lè dín kọ́rẹ́ǹtì kù. LED pupa ń gba bíi 2V, 1.3V ló kù fún rẹsísítọ̀, ìyẹn bíi mílíámpù 4. Píìnì kan ò gbọdọ̀ gbé ju mílíámpù 16 lọ. Ẹ jẹ́ kí 16 yẹn wà lọ́kàn yín, orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tó kù dúró lé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ọ̀nà tí mo mọ̀ tipẹ́ ni kéèyàn kọ nọ́ńbà píìnì sínú fáìlì kan kí kernel, ọkàn Linux tó ń darí Pi, lè gbé píìnì náà lé e lọ́wọ́:

`echo 17 > /sys/class/gpio/export`

"Invalid argument" ló fi dá mi lóhùn. Mo tún un tẹ̀, ohùn kan náà. Mo wá wo inú fódà yẹn, mo rí `gpiochip512`. Lórí kernel tuntun tó wà lára Pi yìí, òǹkà kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo mọ́, láti 512 ni. GPIO17 ti di 529. Mo kọ 529, ó gbà, LED ń tàn, ó ń kú bí mo ṣe fẹ́.

Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe Linux ti ní kí àwọn èèyàn fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ kí wọ́n máa gba `/dev/gpiochip0`. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ lójú mi, mo bá fi kọ ètò mi àkọ́kọ́.

Ọjọ́bọ̀: rìléè tí kò gbọ́ "dákẹ́"

Mo yà ní Ọ̀tìgbà n'Íkẹjà bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo ra bọ́ọ̀dù rìléè ẹlẹ́yọ kan, èyí tó ní páálí búlúù kékeré lórí. Súìṣì tí iná kékeré ń tàn kó lè tan iná ńlá ni rìléè. Wáyà tí wọ́n wé sínú rìléè yìí ń fa bíi mílíámpù 70 lórí 5V. Ẹ fi 70 wé 16 ti Sátidé. Píìnì ò lè gbé rìléè fúnra rẹ̀ láéláé, ìdí nìyẹn tí trànsísítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń fi kọ́rẹ́ǹtì díẹ̀ darí púpọ̀) fi wà lórí bọ́ọ̀dù náà kó bá a gbé e.

Mo so ó, mo pàṣẹ, ó dún "kà!" ó tàn. Mo pàṣẹ kó kú, kò dún. Mo pàṣẹ títí ó fi sú mi.

Ohun tó fà á nìyí. Trànsísítọ̀ orí bọ́ọ̀dù yẹn, ìgbà tí wọ́n bá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sí gíráùn ló ń ṣí. Kó tó lè tì, ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gòkè súnmọ́ 5V. Píìnì Pi ò sì lè gòkè ju 3.3V lọ. 1.7V tó kù láàárín méjèèjì tó láti jẹ́ kó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹni tó tà á fún mi sọ fún mi lórí fóònù pé bí mo bá fẹ́ kó kú, kí n sọ píìnì di èyí tó ń gbọ́rọ̀ wọlé dípò èyí tó ń sọ̀rọ̀ jáde. Mo ṣe é, rìléè kú lóòótọ́. Ọkàn mi ò balẹ̀, mo gbé mítà lé píìnì. Ohun tí mo rí ju 3.3V lọ. 5V ń gba inú bọ́ọ̀dù rìléè kọjá, ó ń ti ẹ̀yìn wọ inú Pi. Ara píìnì Pi ò gba 5V. Ó lè má kú lónìí, ó lè má kú lọ́la, ṣùgbọ́n pípa lẹ ń pa á lọ díẹ̀díẹ̀. Mo tú u kíá. Bí ẹ bá gbọ́ ìmọ̀ràn yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á.

Bọ́ọ̀dù kejì tí mo rà ní optocoupler: ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ló ń gbé àṣẹ kọjá nínú rẹ̀, wáyà Pi àti wáyà rìléè ò kan ara wọn. Mo yọ ìdérí kékeré tó so VCC (iná ìhà àṣẹ) mọ́ JD-VCC (iná ìhà rìléè), mo fún VCC ní 3.3V, mo fún JD-VCC ní 5V. "Kà," ó tàn. "Kà," ó kú. Ara mi balẹ̀. Ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo ni mi ò fún ní àròjinlẹ̀: bọ́ọ̀dù yìí náà, òdo (0V) ló ń tàn án, ení (3.3V) ló ń pa á.

Sátidé kejì: Bùọ̀dá oníṣẹ́ iná

Mi ò ní fọwọ́ kan 230V láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n nítòsí. Mo ránṣẹ́ sí bùọ̀dá tó ṣe wáyà ilé wa.

"Bùọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kékeré yìí máa tan súmò fún wa."

Wọ́n gbé rìléè lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. "Èyí lo fẹ́ kó gbé súmò?"

"Wọ́n kọ 10A sí i lára, sà."

"Mo rí i. Súmò yín, hósípáwà kan ni. Bó bá ti ń lọ geere, ámpù márùn-ún sí mẹ́fà ló ń jẹ. Ìgbà tó bá fẹ́ gbéra láti inú kànga ńkọ́?"

"Ó lè tó ìlọ́po márùn-ún."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Irin pẹlẹbẹ kékeré méjì ló wà nínú ibí yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tàn yòò, wọ́n á yọ́ mọ́ ara wọn. Wàá pàṣẹ títí, wọn ò ní túra. Ohun bíi hítà ni wọ́n ń fi 10A yẹn wọ̀n, kì í ṣe ti mọ́tò."

Wọ́n bá mi mú kọ̀ǹtátọ̀ wá, rìléè ńlá tí wọ́n ṣe fún mọ́tò, èyí tí iná 230V ń tan inú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nísinsìnyí nìyí: píìnì sọ fún rìléè, rìléè sọ fún kọ̀ǹtátọ̀, kọ̀ǹtátọ̀ ló wá ń di súmò mú. Mílíámpù díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ámpù mẹ́fà ló parí rẹ̀. Kọ̀ǹtátọ̀ dún "gbà!" nígbà àkọ́kọ́, Màmá onílé yọjú láti yàrá wọn, wọ́n ní, "Ṣé kò ní jó ilé mi?" Bùọ̀dá ló dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ò bá má tó.

Fúlóòtì inú tánkì, súìṣì tó ń léfòó tó ń sọ bí omi ṣe ga tó, ni mo so mọ́ GPIO23, ní ipò kẹrìndínlógún. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo èyí, torí ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Fúlóòtì ní ojú méjì: èyí tó ń pa mọ́ra nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ àti èyí tó ń pa mọ́ra nígbà tí omi bá kún. Èyí àkọ́kọ́ ni mo lò. Rẹsísítọ̀ kan ń fa píìnì sókè sí 3.3V, fúlóòtì ló ń fà á lọ sí gíráùn bí tánkì bá ń fẹ́ omi. Bí eku bá wá jẹ wáyà náà, tàbí tí ẹnì kan fi àkàbà já a, píìnì á gòkè, ètò á rò pé tánkì ti kún, súmò á dákẹ́. A lè ṣàìní omi lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n bébà olóbébà ò ní rin.

Rẹsísítọ̀ inú Pi fúnra rẹ̀ jẹ́ bíi 50 kílóómù, kò lágbára tó fún wáyà tó ń gun òkè dé tánkì. Nígbàkigbà tí kọ̀ǹtátọ̀ bá dún, píìnì 23 ń gbọ́ ariwo tí kò sí. Mo fi 4.7 kílóómù kún un láti ìta pẹ̀lú kapásítọ̀ 100nF tó ń pa irú ariwo bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ètò pé ohun tí fúlóòtì bá sọ, kó sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láìyí ohùn padà kí a tó gbà á gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ

Ètò ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nǹkan kan: bí iná bá ti dé, kété tí Pi bá jí tán, súmò á tàn fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, á kú, kódà bí tánkì bá kún dẹ́nu. Ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ ni súmò ń ta gìrì lásán. Mọ́tò tó ń gbéra bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ò ní pẹ́.

Mo kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kan Pi fúnra rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, gbogbo píìnì ń dúró bí èyí tó ń gbọ́rọ̀ wọlé; GPIO0 sí 8 ni rẹsísítọ̀ inú ń fà sókè, GPIO9 sí 27 ló ń fà sísàlẹ̀. 17 wà lára àwọn tó ń lọ sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ sì ni bọ́ọ̀dù rìléè mi fi ń tàn. Mo rò pé ọwọ́ ti bà á nìyẹn. Mo gbé mítà síbẹ̀, mo yọ iná, mo dá a padà, mo dúró. Rìléè ò dún ní gbogbo àsìkò yẹn. Fífà tí rẹsísítọ̀ inú yẹn ń fà á kò lágbára tó láti tan nǹkan kan. Ìgbà tí ètò tèmi bẹ̀rẹ̀ ló dún.

Mo tún ètò náà kà láti òkè. Mo rí i ní ìlà kẹta:

`echo out > /sys/class/gpio/gpio529/direction`

Bí ẹ bá kọ `out` síbẹ̀, kernel kì í kàn sọ píìnì di èyí tó ń sọ̀rọ̀ jáde, òdo ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Òdo ni "tàn" lọ́dọ̀ rìléè mi. Ètò wá ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó lè gbọ́ ohun tí fúlóòtì ń sọ, kó tó ní kó kú. Ní gbogbo àkókò yẹn súmò ti ń fa omi. Dípò `out`, kéèyàn kọ `high`: píìnì á di èyí tó ń sọ̀rọ̀ jáde, ení ló sì máa kọ́kọ́ sọ, kò ní gba òdo kọjá rárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo yí padà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ yẹn sì kásẹ̀ ńlẹ̀.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Òru ọjọ́ Ẹtì

Iná dé ní nǹkan bí aago méjì òru. Tánkì ń fẹ́ omi, súmò tàn bó ṣe yẹ. Láàárín kan, ètò mi kú. Ó ń kọ ìlà lórí ìlà sínú fáìlì láìsinmi, fáìlì náà ti kún káàdì ìrántí, kò ríbi kọ ọ́ sí mọ́, ó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n píìnì ò mọ̀ pé ètò ti kú. Lọ́nà àtijọ́ tí mo gbà yẹn, ibi tí ètò bá fi píìnì sí ló máa wà títí ẹlòmíì á fi yí i padà. Òdo ló fi í sí, òdo ló wà. Súmò ń fa omi lọ.

Ariwo omi ló jí mi, "ṣọ̀ọ̀ọ̀" lórí páànù. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo yọ fíúsì. Ó ti pẹ́ jù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé fi rímù mẹ́rìnlá hàn mí, omi ti mu wọ́n débi pé wọ́n wú bí búrẹ́dì. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìdajì lọ́jọ́ náà, ìdajì lóṣù tó tẹ̀lé e. Wọ́n gbà á pẹ̀lú sùúrù tí mi ò lérò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣẹ́ kan wà tí wọn ò lè fi jíṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣì ń dùn mí.

Àtúnṣe: láti ìsinmi wá

Mo jókòó, mo mú bébà, mo kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí i lókè: kí ni súmò ń ṣe bí kò bá sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀? Èsì tí mo fẹ́ ni "ó dákẹ́". Mo wá tọ wáyà kọ̀ọ̀kan lọ, mo bi í.

Bọ́ọ̀dù rìléè tó ń fi òdo tàn ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò. Mo jó tèmi fúnra mi sórí pátákó kékeré: rìléè 5V kan, trànsísítọ̀ 2N2222, dáyóòdù 1N4007, rẹsísítọ̀ méjì. Rẹsísítọ̀ kílóómù kan wà láàárín GPIO17 àti ẹsẹ̀ base trànsísítọ̀. 3.3V, ẹ yọ 0.7V tí trànsísítọ̀ ń jẹ, 2.6V ló kù, ó di mílíámpù 2.6. Ìyẹn ni píìnì ń gbé, trànsísítọ̀ ló ń gbé 70 tó kù. Rẹsísítọ̀ kejì, kílóómù 10, ń fa ẹsẹ̀ base lọ sí gíráùn nígbà gbogbo. Bí Pi bá kú, bí wáyà bá já, bí bọ́ọ̀dù bá ń jí, gíráùn ni ẹsẹ̀ náà wà, rìléè kú. Kó tó lè tàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà láàyè kó máa ti 3.3V sí i.

Dáyóòdù, tó ń jẹ́ kí iná gba ìhà kan ṣoṣo kọjá, ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù. Nígbà tí rìléè bá kú, wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀ kì í fẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì dúró lójijì, ó máa ń ta fóòtì ńlá padà, trànsísítọ̀ ló sì ń gbà á sára. Dáyóòdù ló ń fún un lọ́nà àbáyọ. Ìlà eérú tó wà ní ìdí kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ìhà 5V. Mo jó o, mo gbé e sí abẹ́ iná, mo rí i pé ìlà náà kọjú sí trànsísítọ̀. Bí mo bá ti fún un níná bẹ́ẹ̀, 5V ò bá gba inú dáyóòdù àti trànsísítọ̀ lọ sí gíráùn tààrà. Mo fi irin gbígbóná yọ òjé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo yí i padà, mo tún un jó. Látìgbà náà, mo máa ń ya ìlà dáyóòdù sórí pátákó pẹ̀lú bírò kí n tó gbé irin.

Ètò náà, mo tún un kọ ní Python pẹ̀lú gpiozero, àkójọ àṣẹ tí wọ́n ṣe fún píìnì Pi. Ibi tó ṣe kókó ò ju ìlà méjì lọ:

`sumo = OutputDevice(17, active_high=True, initial_value=False)`
`fulootu = Button(23, pull_up=True)`

`initial_value=False` ń sọ pé òkú ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ètò bá parí wọ́ọ́rọ́wọ́, gpiozero máa ń dá píìnì padà sí èyí tó ń gbọ́rọ̀ wọlé, kílóómù 10 á sì fà á sísàlẹ̀. Àǹfààní mìíràn tó wà níbẹ̀: bí mo bá gbé iṣẹ́ yìí lọ sórí Pi 5, tí ṣíìpù RP1 ń darí píìnì rẹ̀, gpiozero á ṣì ṣiṣẹ́, nígbà tí RPi.GPIO àtijọ́ kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bí ètò bá kú ikú òjijì ńkọ́? systemd, èyí tó ń bójú tó àwọn ètò lórí Linux, ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀. `Restart=always` ń jí i padà, `ExecStopPost` sì ń pe `pinctrl set 17 op dl` nígbàkigbà tí ètò bá dúró, ìbáà jẹ́ pé ó dúró fúnra rẹ̀ tàbí wọ́n pa á. Bí Pi lódindi bá wá dì pa, watchdog, aago inú rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ, á tún un bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì tún bẹ̀rẹ̀, píìnì 17 á padà sí ìsàlẹ̀. Súmò wa máa ń kún tánkì méjèèjì láàárín wákàtí kan àti díẹ̀, mo bá kọ ọ́ pé kó má ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú 90 lọ láìsinmi, ohunkóhun tí fúlóòtì ìbáà máa sọ. Káàdì ìrántí, mo ti sọ ọ́ di èyí tí a kì í kọ nǹkan sí, pẹ̀lú overlay tó wà nínú `raspi-config`. Ìyẹn dáàbò bo káàdì náà pẹ̀lú nígbà tí iná bá lọ lójijì, torí káàdì tí iná lọ mọ́ lórí níbi tó ti ń kọ nǹkan lọ́wọ́ máa ń bàjẹ́.

Mo fi gbogbo èyí han Bùọ̀dá. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n fúlóòtì kan ṣì ń sọ̀rọ̀ fún kọ̀ǹpútà nìkan. Fún mi ní òmíràn tí kò ní bá kọ̀ǹpútà sọ nǹkan kan." Wọ́n gbé fúlóòtì kejì lé ibi tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, wọ́n gba iná tó ń tan kọ̀ǹtátọ̀ kọjá nínú rẹ̀ tààrà. Bí omi bá débẹ̀, kọ̀ǹtátọ̀ túra, ohun yòówù kí píìnì, ètò tàbí rìléè máa wí. Ó wù mí kí n ti rò ó ṣáájú wọn. Kò náni tó ìdajì owó rímù kan.

Sátidé karùn-ún: ìdánwò

Mo fi súmò sílẹ̀ kó máa fa omi, mo pa ètò pẹ̀lú `kill -9`. Kọ̀ǹtátọ̀ túra lójú ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn náà ètò ti jí padà. Mo já wáyà fúlóòtì àkọ́kọ́ lórí tánkì, súmò dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Mo yọ wáyà GPIO17 kúrò lára Pi níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, rìléè kú. Mo yọ iná gbogbo ilé, mo dá a padà nígbà mẹ́wàá tẹ̀léra. Mo gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹtátọ̀ láti ìta àpótí ní gbogbo ìgbà tí Pi ń jí, kò ta gìrì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo wá fa fúlóòtì àkọ́kọ́ sísàlẹ̀ kó lè máa parọ́ pé tánkì ń fẹ́ omi. Omi gòkè dé ti Bùọ̀dá, "gbà," ó túra, omi ò kan ẹnu tánkì.

Ẹyọ kan ṣoṣo tí kò lọ dáadáa: lẹ́ẹ̀mejì nínú ọgbọ̀n, nígbà tí kọ̀ǹtátọ̀ túra, Pi tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iná tó ń ta sílẹ̀ nínú kọ̀ǹtátọ̀ ló ń dà á láàmú. Mo so rẹsísítọ̀ 100 ohm àti kapásítọ̀ 0.1µF, irú èyí tí wọ́n ṣe fún iná ilé tí wọ́n kọ X2 sí lára, mọ́ ìdí méjèèjì wáyà inú kọ̀ǹtátọ̀. Mo tún un ṣe ní ọgọ́ta ìgbà lẹ́yìn ìyẹn, Pi ò mì.

Ohun tó kù ni iná tó bá wá pẹ̀lú 150V, tí kọ̀ǹtátọ̀ á máa gbọ̀n tí súmò á máa gbóná. Ní báyìí, ètò kàn ń dúró fún ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí iná bá dé, Màmá onílé sì ní súìṣì àtijọ́ lọ́dọ̀ wọn tó lè gé gbogbo rẹ̀. Bùọ̀dá ti ní àwọn á bá mi mú ohun tó ń wo fóòtì wá, èyí tí yóò wà ṣáájú kọ̀ǹtátọ̀. Mo ti fi GPIO24 sílẹ̀ fún ẹ̀rọ náà, ní ipò kejìdínlógún.

Mo lẹ bébà kan mọ́ inú ìdérí àpótí náà. Wáyà tó wà ní píìnì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ méjèèjì, ipò àti GPIO, àti ohun tó yẹ kí mítà kà lórí rẹ̀ nígbà tí súmò bá dákẹ́: ipò 11, 0V; ipò 16, 3.3V bí tánkì bá kún, 0V bó bá ń fẹ́ omi. Kálẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni mo gé bébà náà lára rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ẹ̀yìn ògiri ló fún mi.